Àwọ̀ inú àwòrán òfurufú: ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí ni, àbí ẹnì kan ló kùn ún?

Mofẹ́mọ̀dí:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó lè là á yé mi wà níbí.

Mo fi àwòrán kan sí ojú kọ̀ǹpútà mi níbi iṣẹ́: àwọn òpó ìkùukùu mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Pillars of Creation, èyí tí Hubble, telisikópù tó wà lójú òfurufú, ya lọ́dún 1995. Ẹni tó jókòó tì mí wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya á, pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Mo fẹ́ bá a jiyàn, ló bá ṣí èyí tí James Webb, telisikópù òfurufú mìíràn, ya lọ́dún 2022 síwájú mi. Òpó kan náà, ibì kan náà, àwọ̀ wọn ò jọra rárá. Ti Hubble ní àwọ̀ ewé àti búlúù lẹ́yìn. Ti Webb pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìràwọ̀ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú, ìràwọ̀ tí n kò rí nínú ti àkọ́kọ́. Ó ní, "Èwo lòótọ́ nínú méjèèjì?" N kò rí èsì fún un.

Ìbéèrè mi rèé: tí ènìyàn bá wọkọ̀ òfurufú lọ síbẹ̀, tó yọjú lójú fèrèsé, kí ni yóò rí? Ẹ tún bá mi sọ ìdí tí ìràwọ̀ inú ti Webb fi ní ìwo yí ara ká, tí ìwo ti Hubble sì yàtọ̀ sí tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gírámà pa mí.

Awòràwọ̀Òru:

Ẹ kú ìbéèrè. Mo máa ń fi alẹ́ mi tún irú àwòrán yìí ṣe láti inú fáìlì tí Hubble àti Webb fi ránṣẹ́, torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí ọwọ́ mi ti bà ni màá sọ.

Kò sí àwọ̀ kankan nínú ohun tí kámẹ́rà Hubble ń fi ránṣẹ́. Dúdú àti funfun ni, pẹ̀lú eérú láàárín. Iye ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń kà, kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Kámẹ́rà fóònù yín gan-an ò mọ àwọ̀. Fílítà kéékèèké ni wọ́n fi bo orí píksẹ́lì rẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, fóònù á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó rí i. Hubble ò lẹ fílítà mọ́ ojú kan. Á yan ọ̀kan, á ya, á yan òmíràn, á tún ya.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Jeff Hester àti Paul Scowen ní kí Hubble wo àwọn òpó yẹn, tó wà nínú ìkùukùu ńlá tí wọ́n ń pè ní Eagle Nebula, níbi tó jìnnà sí wa tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 6,500 (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé láàárín ọdún kan). Fílítà mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe àwòrán alárà yẹn, wọn ò sì ṣàdédé mú wọn. Ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ tí imí-ọjọ́ ń tàn, ọ̀kan ń gba ti haidirójìn, ọ̀kan ń gba ti ọ́síjìn. Ibi tó dùn níbẹ̀ nìyí: pupa ni ti imí-ọjọ́ àti ti haidirójìn lójú ènìyàn. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti haidirójìn gùn tó 656 nánómítà (mílíọ̀nù nánómítà kan ló wà nínú mìlímítà kan), ti imí-ọjọ́ tó nǹkan bí 673. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pọ́n, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá tò wọ́n bí ìgbì wọn ṣe gùn sí: imí-ọjọ́ tó gùn jù gba pupa, haidirójìn gba àwọ̀ ewé, ọ́síjìn tó kúrú jù, bí 501, gba búlúù. Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti rí búlúù nínú àwòrán yẹn, ọ́síjìn tí ìtànṣán ìràwọ̀ ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lára rẹ̀ lẹ ń wò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ń kà á bí ẹni ń ka máàpù.

Igun dúdú tó rí bí àtẹ̀gùn, tí ẹ máa rí ní etí àwòrán Hubble yẹn náà, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ẹ̀rọ tó ya á. Ọ̀kan nínú wọn ń wo àyè tó kéré jù, àmọ́ tirẹ̀ fínnífínní ju tàwọn yòókù lọ. Tí wọ́n bá sún tirẹ̀ kì kó lè bá ìyókù dọ́gba, igun yẹn á ṣófo.

Ti Webb wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Infrared ló ń gbà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti pupa lọ, ojú ènìyàn ò sì rí infrared rárá, nítorí náà kò sí "àwọ̀ gidi" kankan tí wọn ì bá fi sí i. Òfin kan náà ni wọ́n tẹ̀lé: èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn jù gba pupa, èyí tó kúrú jù gba búlúù. Eruku inú òpó yẹn ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí lọ́nà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ infrared ń là á kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ìràwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2022 yẹn kan náà, wọ́n tún gbé òmíràn jáde láti inú kámẹ́rà Webb kejì, tó ń gba infrared tó tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìyẹn, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ti wábi gbà, eruku ló kù. Ẹ fi ẹ̀kẹta yẹn han ẹni tó jókòó tì yín, kó tún bi yín pé èwo lòótọ́.

Ní ti kéèyàn wọkọ̀ lọ síbẹ̀: ẹ ò ní rí nǹkan gidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni yóò máa tàn sí i. Rárá o. Ẹ dúró síwájú ògiri kan, kí ẹ wá rìn lọ bá a. Ó ń tóbi sí i lójú yín, kò tàn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkùukùu yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú yín ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn, àmọ́ àyè tó gbà lójú yín ń fẹ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ wo Andromeda, àgbájọ ìràwọ̀ tó jìnnà sí wa tó ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 2.5. Bó ṣe fẹ̀ lójú ọ̀run tó òṣùpá kíkún bíi mẹ́fà tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, síbẹ̀, níbi tí òkùnkùn bá ti ṣú dáadáa, àbàwọ́n funfun ráńpẹ́ ni ojú lásán ń rí. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, àbàwọ́n yẹn á kàn gbòòrò ni. Ẹ tún rántí pé nínú òkùnkùn, sẹ́ẹ̀lì inú ojú tó mọ àwọ̀ kì í ṣiṣẹ́. Èyí tó kù ò mọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Lójú fèrèsé yẹn, eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni, bí ẹ bá tiẹ̀ rí nǹkan kan. Kámẹ́rà ló lè jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ.

Ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀ ṣá. Fáìlì FITS, irú fáìlì tí àwòrán telisikópù máa ń wà nínú rẹ̀, tí mo bá kọ́kọ́ ṣí máa ń dúdú kirimú, àfi ìràwọ̀ díẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún. Ìràwọ̀ lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po mọ́lẹ̀ ju ìkùukùu lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú kọ̀ǹpútà wa, ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré ló sábà máa ń ní fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́dọ̀ fa ibi tó ṣókùnkùn sókè, kí ẹ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù sílẹ̀. Bí ẹ ṣe fẹ́ fà á tó, ọwọ́ yín ló wà. Ti Webb tún ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀: àárín ìràwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ jù máa ń ṣófo, ó dúdú, torí píksẹ́lì ibẹ̀ ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, iye tó kà kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Àwa la máa ń fi funfun dí i.

Ẹ̀rí_Dà:

Ẹ ṣeun, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá ẹjọ́ yẹn fún wa. Ẹ ní ẹ yan àwọ̀, ẹ ní ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sókè, ẹ tún ní ẹ fi funfun dí ojú ìràwọ̀. Kí ló wá kù tí kì í ṣe iṣẹ́ ayàwòrán? Àwòrán ihò dúdú (black hole) tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 ńkọ́, òrùka iná yẹn? Mo gbọ́ pé kò sí kámẹ́rà kankan tó ya á, pé kọ̀ǹpútà ló fi ọgbọ́n dí ibi tó ṣófo. Ẹ má bínú o, ẹ̀rí ni mo ń wá.

Awòràwọ̀Òru:

Kò sí ìbínú, @Ẹ̀rí_Dà. Irú ìbéèrè tí mo fẹ́ nìyẹn.

Àwọ̀ òrùka yẹn, wọ́n yàn án ni. Ìgbì rédíò tó gùn tó mìlímítà 1.3 ni wọ́n gbà, rédíò ò sì ní àwọ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Ká ní àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn bi wọ́n ni bóyá òrùka wà níbẹ̀ lóòótọ́, bóyá àárín rẹ̀ ṣókùnkùn, bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju òkè lọ.

Ní oṣù kẹrin 2017, telisikópù rédíò mẹ́jọ tó wà káàkiri ayé ni wọ́n pa pọ̀, aago átọ́ọ̀mù sì ń bá kálukú wọn ka àkókò. Ohun tí wọ́n kó jọ pọ̀ ju ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé lọ. Inú bàálù ni wọ́n ti kó háàdì díráìfù lọ síbi tí kọ̀ǹpútà ti máa pa á pọ̀. Àwọn tó wà ní Gúúsù Pólù ní láti dúró kí òtútù ọ̀gìnnìtìn kọjá kí bàálù tó lè kó tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé M87, àgbájọ ìràwọ̀ tí ihò dúdú yìí wà nínú rẹ̀, kì í yọ lójú ọ̀run níbẹ̀ rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀rọ ni wọ́n fi tiwọn ṣe lórí ti M87.

Òótọ́ ni ẹ sọ pé àlàfo wà. Telisikópù mẹ́jọ ò lè bo ilẹ̀ ayé, kọ̀ǹpútà ló sì ń wá àwòrán tó bá ohun tí wọ́n gbà mu jù lọ. Torí ìfura yín yìí gan-an ni wọ́n fi pín ara wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kan má sọ fún èkejì ohun tó rí. Ọjọ́ tí wọ́n jọ tẹ́ tiwọn sílẹ̀, òrùka ni gbogbo wọn mú wá, títóbi wọn sún mọ́ra, apá ìsàlẹ̀ ló sì mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ohun tó ń yí po níbẹ̀ ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, apá tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ló ń mọ́lẹ̀ sí i. Ihò náà wúwo tó oòrùn wa ní ìlọ́po bílíọ̀nù 6.5, ó sì jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 55.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó yẹ ká fura sí ń kọjá láì sí ẹni tó bi wọ́n. Ẹ rántí pílánẹ́ẹ̀tì méje tó ń yí ìràwọ̀ TRAPPIST-1 po, tí wọ́n kéde ní oṣù kejì 2017? Àwọn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́wà tó ní òkun àti yìnyín? Ọwọ́ ayàwòrán ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí telisikópù rí ni pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ń dín kù díẹ̀ nígbàkigbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kọjá níwájú rẹ̀. Àwòrán àgbájọ ìràwọ̀ tiwa láti òkèèrè ńkọ́, èyí tí wọ́n máa ń fi ọfà sí pé "ibí la wà"? Ọkọ̀ òfurufú Voyager 1, tó ti ń lọ láti 1977, ló jìnnà jù nínú gbogbo ohun tí ènìyàn rán jáde, síbẹ̀ kìlómítà tó rìn ṣì wà ní bílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ ń rin ìyẹn láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Àgbájọ ìràwọ̀ wa fẹ̀ tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 100,000. Ta ló jáde síta tó ya á? NASA máa ń kọ "artist's concept" sábẹ́ irú rẹ̀. Àwọn tó ń pín in kiri ló ń gé e kúrò.

Lábù_Àjà_Kejì:

Ẹ jẹ́ kí n fi tàwa náà kún un, àwa tí ohun tí à ń yà kéré dípò kó jìnnà. Maikirosikópù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni mò ń lò níbi iṣẹ́, mo sì gbà pé ti ẹ̀gbọ́n Awòràwọ̀ dára ju tiwa lọ ní apá kan: àwọ̀ tiwọn ní ohun tó ń wọ̀n. Tiwa ò ní.

Kò sí ìmọ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù là ń rọ̀jò rẹ̀ lé nǹkan lórí, à ń ka èyí tó ta padà. Eérú ló ń jáde, eérú nìkan. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ní ìgbì tó tó 400 sí 700 nánómítà, kòkòrò àrùn kòrónà ò sì ju nǹkan bí 100 lọ. Maikirosikópù onímọ̀lẹ̀ tí ẹ mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ò lè fi ìrísí rẹ̀ hàn yín láéláé. Tí ẹ bá rí i nínú àwòrán wa tó pọ́n tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹnì kan ló jókòó tó kùn ún kí ẹ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù eérú tó ní ẹ̀gún pupa tí gbogbo ayé mọ̀ lọ́dún 2020 kì í tiẹ̀ ṣe fọ́tò rárá. Àwọn ayàwòrán CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, ló fi kọ̀ǹpútà ṣe é.

Kòkòrò tó ń wò yín tojú-tojú nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ náà ti kú. A ti gbẹ ẹ́, a sì sábà máa ń fi wúrà tín-ín-rín bò ó lára kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù má baà kó jọ sórí rẹ̀. (Wúrà ló wà lójú dígí Webb náà, àmọ́ tiwọn jẹ́ torí pé ó ń dá infrared padà dáadáa.)

Síbẹ̀ ẹ má fojú di eérú. Labalábá Morpho ti Gúúsù Amẹ́ríkà ń tàn búlúù débi pé ó ń gún ni lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí aró búlúù kankan níyẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fi sábẹ́ ẹ̀rọ wa, ẹ máa rí àwọn ọ̀wọ́ ìlà tó ga, tí pèpéle kéékèèké wà lára wọn létòlétò. Àlàfo àárín wọn ló ń mú kí ìgbì búlúù gbe ara wọn lẹ́yìn, tí ìyókù sì ń pa ara wọn. Ẹ kán alcohol sí ìyẹ́ náà, á di àwọ̀ ewé, torí alcohol ti rọ́pò afẹ́fẹ́ inú àlàfo yẹn. Tó bá gbẹ, á padà sí búlúù. Nínú gbogbo ohun tí mo ti yà, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ̀yin @Ẹ̀rí_Dà, ẹjọ́ yín ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wilson Bentley ní Vermont kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹyọ yìnyín kan nípasẹ̀ maikirosikópù lọ́dún 1885, ó sì ya ju 5,000 lọ kó tó kú. Ó máa ń ha ara fíìmù kúrò yí yìnyín náà ká kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dúdú. Gustav Hellmann, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Jámánì, fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ba bí etí yìnyín ṣe rí jẹ́.

Ẹ̀rí_Dà:

Hellmann yẹn, èèyàn mi ni!

Àǹtí Lábù, ẹ ṣeun. Ọ̀gá Awòràwọ̀, mo gba ti òrùka, ti ẹgbẹ́ mẹ́rin yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Fífa ìmọ́lẹ̀ sókè ni n kò tíì gbà. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ló wà, ẹ kọ bí ẹ ṣe fà á tó sábẹ́ rẹ̀.

Awòràwọ̀Òru:

Ẹ jàre níbẹ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́, èmi náà máa ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ò kọ ọ́. Fílítà ni wọ́n sábà máa ń kọ.

Mofẹ́mọ̀dí:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti ka tẹ̀gbọ́n sókè fún ẹni yẹn, ó ní òun ń ronú sí i. Ẹ ti gbàgbé ìwo ìràwọ̀ mi o! Ó tún ti mú òmíràn wá: kí ló dé tí kò fi sí ìràwọ̀ lójú ọ̀run nínú fọ́tò àwọn tó dé òṣùpá? Ṣé ẹyọ kan wà nínú gbogbo àwòrán yìí tí ojú ènìyàn rí bẹ́ẹ̀? Tí mo bá sì fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe ọ̀kan, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Awòràwọ̀Òru:

Ìwo: etí dígí àti ọ̀pá tó di dígí kékeré mú ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Dígí Webb jẹ́ ègé onígun mẹ́fà méjìdínlógún, ìyẹn fún ìràwọ̀ ní ìwo ńlá mẹ́fà. Ọ̀pá rẹ̀ mẹ́ta fi kékeré méjì kún un, ó di mẹ́jọ. Ti Hubble jẹ́ mẹ́rin, bí àgbélébùú, torí ọ̀pá mẹ́rin ló ní. Ẹ lè fi ìwo mọ ẹni tó ya àwòrán kí ẹ tó ka orúkọ. Púpọ̀ jù lọ nínú ohun tó níwo jẹ́ ìràwọ̀ inú àgbájọ tiwa. Àwọn tí kò níwo, tó rí bẹẹrẹbẹ, àgbájọ mìíràn ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Òṣùpá: ojú ọ̀sán ni wọ́n wà, oòrùn ń ràn sórí ilẹ̀ yẹn kíkankíkan. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré kí ilẹ̀ má baà funfun jù, kò lè rí ìràwọ̀.

Ẹyọ tí ojú rí: Earthrise tí Bill Anders ya láti inú Apollo 8 ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 1968, àti Blue Marble ti Apollo 17, ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 1972. Fíìmù aláwọ̀ ni wọ́n fi ya méjèèjì, àwọn tó ya wọ́n sì fojú ara wọn wò ó láti ojú fèrèsé. Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ya ní 1972, gúúsù ló wà lókè. Wọ́n yí i padà kí àwọn ènìyàn má baà dààmú.

Ní ti fífọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ lọ sí MAST, àkójọ fáìlì Hubble àti Webb lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá M16, orúkọ mìíràn fún Eagle Nebula. Fáìlì mẹ́ta lẹ fẹ́, orúkọ fílítà wọn ni F502N, F656N àti F673N. Ẹ rí i pé iye tó sún mọ́ gígùn ìgbì ló wà nínú orúkọ náà, N sì túmọ̀ sí pé àyè tó ń gbà ṣe tóóró. Ètò kọ̀ǹpútà FITS Liberator á ṣí wọn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, á pa wọ́n pọ̀. Ẹ fi 673 sí pupa, 656 sí àwọ̀ ewé, 502 sí búlúù. Haidirójìn máa ń lágbára ju àwọn méjì tó kù lọ, gbogbo rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá sì rí i pé ìràwọ̀ pọ́n lápá kan tó sì búlúù lápá kejì, fáìlì yín ò jókòó lé ara wọn dáadáa. Ẹ sún ọ̀kan nínú wọn ní píksẹ́lì kan tàbí méjì, kí ẹ tún wò ó.